Páálí Mẹ́fà

Ìgbìmọ̀ ọdún àṣà ránṣẹ́ pè mí ní Kábà,
wọ́n ní, "Jẹ́mirin, ìwọ lo mọ lẹ́tà ńlá kọ.
Kọ orúkọ ẹ̀yà mẹ́fà sí páálí mẹ́fà,
ká so wọ́n mọ́ kánópì,
kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó síbi tí kì í ṣe tirẹ̀."
Wọ́n ṣèlérí owó ọ̀dà.
Ìlérí dé, owó ò dé.
Mo bá yọ́ wọ yàrá ìyàwó mi,
mo mú búlúù tó fi ń fọ aṣọ funfun,
mo pò ó mọ́ omi nínú agolo mílíìkì.

Mo kọ Ọ̀kun. Ìyẹn ò ni mí lára,
ìkíni wa náà ni orúkọ wa.
Mo kọ Núpé, mo kọ Ígálà,
mo kọ Básà, mo kọ Ògórì.
Ó ku ẹyọ kan, mo kọ ọ́ bí bàbá mi ṣe ń pè é: Ìgbìrà.
Àgbà kan tó ń sọ ìlù kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Òkénè
wá dúró lẹ́yìn mi, obì ń bẹ lẹ́nu rẹ̀.
"Ta ló sọ wá bẹ́ẹ̀?"
Mo ní, "Bàbá mi ni. Ẹ má bínú."
Ó ní, "Ẹni tí kò bi wá léèrè ni bàbá rẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.
Ẹbira. Bí ìyá mi ṣe ń pè é nìyẹn."
Mo yí páálí padà, mo kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀.
Ọwọ́ mi ò gbọ̀n bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ pé. Èrò kún pápá iléèwé dé ẹsẹ̀ òkè.
Àwọn obìnrin Bùnú yọ nínú aṣọ pupa,
irú èyí tí ìyá ìyá mi hun fúnra rẹ̀
tó ní ká fi sin òun,
tí a tà nígbà tí owó iléèwé mi dé.
Mo gbójú sílẹ̀ títí wọ́n fi kọjá.
Àwọn apẹja Núpé gbé àjẹ̀ wá sórí ilẹ̀ gbígbẹ,
wọ́n ń wa erùpẹ̀ bí ẹni ń wa odò Ọya,
eruku rú, ó kù díẹ̀ kí n gbọ́ òórùn ẹja.
Kàkàkí Ígálà ké lẹ́ẹ̀kan péré,
ewúrẹ́ ọ̀gá iléèwé já okùn.

Ọmọdébìnrin kan gbé ike omi dúró níwájú mi,
Ohunene lorúkọ rẹ̀.
"Bọ̀ọ̀dá, Bùnú ni ìyá mi, ará Òkéngwè ni bàbá mi.
Ibo ni kí n jókòó sí?"
Mo wo páálí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.
Mo ní, "Omi lò ń tà, máa tà á kiri."
Ó wò mí bí ẹni ń wo òpè.

Àwọn Básà nìkan ló kù tí kò tíì jó
nígbà tí òjò já lójijì.
Atẹ́gùn gbé kánópì mẹ́ta, ó fi há orí máńgòrò.
Gbogbo wa rọ́ sí kíláàsì kan ṣoṣo tí páànù rẹ̀ ò jò,
ọba ń tẹ ẹsẹ̀ alápatà, alápatà ń tẹ ẹsẹ̀ ọba.
Àwọn obìnrin Básà ní àwọn ò wá ọ̀nà jíjìn wá wo òjò.
Wọ́n fọwọ́ ti bẹ́ǹṣì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ijó.
A pàtẹ́wọ́, a pa á kù,
títí àgbà onílù ọjọ́sí fi rí ibi tí ẹsẹ̀ wọn ń bọ́ sí,
ó fi ìka méjì péré tọ́ka rẹ̀ fún wa lára ìlù.

Ohunene wọlé gbẹ̀yìn, ó fi páálí bo orí,
búlúù ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń kán sí agbádá funfun alága.
Mo tẹjú mọ́ ọn kí n lè ka èwo ni.
Òjò ti kà á tán ṣáájú mi.

Alága ní kí n tún un kọ dè ọdún tó ń bọ̀.
Mo ní kó kọ́kọ́ san owó ọ̀dà.
Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà
pẹ̀lú ẹ̀wù funfun kan tó ti pọ́n bíi tíì,
ó ń bèèrè búlúù rẹ̀.